Ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ dán oògùn Sàlámọ́tù wò

Ọjọ́bọ̀ tí èmi àti ìyàwó mi gbé oògùn rẹ̀ lọ sí Ìjagun kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni Sàlámọ́tù ti kọ̀ láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. “Ayédèrú ni,” ló ń wí, bẹ́ẹ̀ orí ń fọ́ ọ.

Kúdírátù, ọmọ tí mo kọ́ nígbà kan, ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò yunifásítì níbẹ̀. Ó lọ oògùn náà, ó pò ó mọ́ omi. Ó ní bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó nínú omi náà ni yóò ṣe gba ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ mọ́ra tó. Èmi ni mo gbé ife dígí kékeré náà sínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà tó jáde ti ga jù. Ó dà bí ẹni pé oògùn inú rẹ̀ ju iye tó wà lára páálí lọ.

Kúdírátù yọ ife náà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ má bínú sà, ọ̀rá ìka yín ló dí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká fọwọ́ ká tó ṣí ìwé!”

Ó nu ife náà, ó tún un wò. Oògùn náà pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí.

“Alihamudulilai!” ni Sàlámọ́tù wí. “Ẹ fún mi lómi kí n lò ó. Bàbá Ṣẹ́rífù, ẹ má fọwọ́ kan ife mi o!”