Àtàǹpàkò Tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé márùn-ún náírà ni Ẹ̀kejì jẹ Gúnrégé, kò lé ẹyọ kan, kò sì dín ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóòjọ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀. Gúnrégé ti ṣe é lára àpò sìmẹ́ńtì, ó ti ṣe é lẹ́yìn ìwé owó iná ilé rẹ̀, ó sì ti ṣe é lórí ibùsùn láìmú bíró dání. Iye kan náà ló ń já sí.

Bíríkìlà ni Gúnrégé. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé odi tó bá mọ kì í wọ́ sọ́tùn-ún, kì í sì í wọ́ sósì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti ń to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn, ó sì ní bó ṣe máa ń parí iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn yòókù bá to búlọ́ọ̀kù tán, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa ojú ìpàdé búlọ́ọ̀kù kí sìmẹ́ńtì ibẹ̀ lè jókòó. Gúnrégé ò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú irin. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń fà á láti ìbẹ̀rẹ̀ odi dé òpin, lọ́wọ́ lásán. Ó ní irin kì í mọ ibi tí ihò bá wà, ìka ló ń mọ̀ ọ́n. Òótọ́ sì ni, odi rẹ̀ kì í fa omi. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè wọ ilé tó ti pé ogún ọdún, kó wo ojú ìpàdé búlọ́ọ̀kù tó fẹ̀ tó sì jìn díẹ̀ bí inú ṣíbí, kó sọ pé, “Ọwọ́ Gúnrégé rèé.”

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀kejì ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pákó, òun ló máa ń dúró ṣe ìkejì ọ̀gá, ibẹ̀ lorúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Ní oṣù kìíní tó dé, sìmẹ́ńtì jẹ ẹ́ lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Gúnrégé lọ ra ìbọ̀wọ́ aláwọ fún un. Owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló bá ìbọ̀wọ́ náà lọ.

Ìyàwó rẹ̀ bínú. “Ẹ̀yin fúnra yín ò ní ìbọ̀wọ́, ẹ wá ń rà á fún ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ọwọ́ tèmi ti bàjẹ́,” Gúnrégé dá a lóhùn. “Jẹ́ kí tiẹ̀ gbádùn.”

Nígbà tí Ẹ̀kejì kọ́ṣẹ́ tán, Gúnrégé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣíbí iṣẹ́ tuntun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bu sìmẹ́ńtì, ló tún fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kejì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ọ̀gá, bí mo bá gbàgbé yín, kí ọwọ́ mi gbàgbé iṣẹ́.” Ọwọ́ rẹ̀ sì gbàgbé iṣẹ́ lóòótọ́, torí kò ju ọdún méjì lọ tó fi pa ṣíbí tì, tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Bí wọ́n ṣe tún pàdé nìyí. Ilé alájà mẹ́jọ kan ni ilé iṣẹ́ ńlá kan gbà láti kọ́. Gúnrégé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, lọ wáṣẹ́ síbẹ̀, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Iná pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń tàn sára odi, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé dípò okùn. Àwọn odi kan ti gbẹ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé wọn wá, ẹ̀rọ gíga á sì gbé wọn sókè bí ẹni gbé ilẹ̀kùn. Ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n kan ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ òpó, ó ní gíláàsì kékeré níwájú. Ẹni tó ń bójú tó o, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó so káàdì mọ́rùn, ta ni? Ẹ̀kejì ni.

“Ọ̀gá mi!” Ó dì mọ́ ọn. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ o! Ẹ̀yin ará, bàbá mi nìyí!”

Ẹnjiníà tó ni àṣẹ ibẹ̀, ọmọbìnrin tó ń yára sọ̀rọ̀, kó gbogbo wọn jọ. Ó ní kò sí ìwé ìpè-orúkọ mọ́. Ìka ni wọ́n á máa tẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kà ni wọ́n máa san, owó á sì wọ fóònù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá pé àádọ́ta ọjọ́ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òṣìṣẹ́ olóṣù. Owó oṣù, ìwòsàn ọ̀fẹ́, àti iṣẹ́ ní ilé mìíràn tí wọ́n bá tún fẹ́ kọ́. “Ẹni tó bá sì tẹ̀ka fún ẹlòmíràn,” ó na ìka sókè, “òun àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún, ilé làwọn méjèèjì ń lọ.”

Ìwé olóṣù yẹn ni Gúnrégé gbọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sí ẹnikẹ́ni tó sanwó oṣù fún un rí.

Ó kàn án, ó tẹ àtàǹpàkò ọ̀tún. Ẹ̀rọ tan iná pupa. Ó fi ẹ̀wù nu ìka, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa. Ó tẹ òsì. Pupa. Ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ẹ̀rọ ní ẹ ò sí láyé o!” ni káfíńtà kan pariwo.

“Bí mi ò bá sí láyé,” Gúnrégé dáhùn, “kó bá mi sọ fún onílé mi kó má wulẹ̀ wá gbowó mọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kejì fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yí ọwọ́ rẹ̀ wò. Ojú ìka náà ń dán bí òkúta odò, kò sí ìlà kan níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

“Ọ̀gá, ẹ má dààmú. Àtàǹpàkò mi òsì ni mo máa fi forúkọ yín sílẹ̀. Èmi náà kúkú ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. Láàárọ̀, lálẹ́, màá máa tẹ̀ ẹ́ fún yín. Fóònù mi ni owó á wọ̀, màá sì kó o lé yín lọ́wọ́.”

“Ṣé ohun tí Ẹnjiníà ní ká má ṣe kọ́ nìyẹn?”

“Àwọn olè ló ń bá wí. Ẹ̀yin àti èmi ńkọ́? Nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta nìyẹn, tiyín ni.”

Ó tẹ àtàǹpàkò òsì. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Gúnrégé wo ìka ọmọ náà, ó mọ́, gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Inú rẹ̀ dùn pé ìbọ̀wọ́ tó rà fún un lọ́jọ́sí ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Ẹ̀kejì kó owó ọjọ́ méjìlá fún un láìyọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní báńkì ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní wọ́n ti owó mọ́ fóònù òun. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní, “Ọ̀gá, ṣebí ọwọ́ mi lowó yín wà? Ẹ jẹ́ kó kúkú jọ, kẹ́ ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Ìyàwó Gúnrégé ló kọ́kọ́ bèèrè ohun tó yẹ ní bíbéèrè. Ó ń ka owó tó kù nínú agolo nígbà náà.

“Ṣé ẹ ti fi ojú ara yín rí orúkọ yín nínú ẹ̀rọ yẹn?”

“Ẹ̀kejì ní ó wà ńbẹ̀.”

“Mo ní ṣé ẹ ti rí i.”

“Ìyá yìí, ọmọ tó jẹun nínú àwo wa fún ọdún mẹ́rin ni!”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo ń bu oúnjẹ náà. Ó máa ń bèèrè àfikún.”

Gúnrégé jáde sí ìta fún un. Ó yá owó lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ láti fi sanwó ilé, ó sì padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní àjà kẹta, níbi tó ti ń fi àtàǹpàkò fa odi bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹtàléláàádọ́ta, wọ́n ka orúkọ àwọn tó wọ ìwé olóṣù. Gúnrégé ti fọ ẹ̀wù wá. Nígbà tí wọ́n dé orí nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta, ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n pè kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnì kankan ò rí rí ló jáde wá, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sí eruku kan lára rẹ̀. Àbúrò ìyàwó Ẹ̀kejì ni. Ẹnjiníà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì fún un ní fìlà ike tuntun.

Gúnrégé dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Lẹ́yìn òkìtì yanrìn ló ti bá Ẹ̀kejì.

“Ìwọ, ta ni nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta?”

“Ọ̀gá, ẹ rọra sọ̀rọ̀.”

“Mo ní ta ni!”

“Ẹ̀rọ ò ní í gba orúkọ yín, ọ̀gá. Ó fẹ́ ìka, ó fẹ́ ìwé ọjọ́ orí, ọjọ́ orí yín sì ti lọ díẹ̀. Mo ní kí àyè náà má kàn ṣòfò. Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n rímú mí lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Owó yín ò sọnù, mo kàn fi tún ilé ṣe díẹ̀ ni. Màá san án.”

“Èmi ni mo mọ odi yẹn, Ẹ̀kejì.”

“Mo mọ̀, ọ̀gá.”

“O mọ̀.” Gúnrégé kọjú sí ọ́fíìsì Ẹnjiníà.

Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ ló ti tò sẹ́nu bí ẹni to búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó, tó ní ẹ̀rọ kò rí ìka òun, Ẹnjiníà fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣí àpótí tábìlì.

“Ìyẹn ò le, Bàbá. Káàdì wà fún irú yín. Àwọn bíríkìlà àgbà mẹ́ta ti gba tiwọn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún akọ̀wé ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí ẹ̀rọ kò bá rí ìka rẹ̀, kó mú un wá. Káàdì kò bèèrè ọjọ́ orí, kò bèèrè nǹkan kan. Ṣé kò sọ fún yín ni?”

Káàdì funfun pẹlẹbẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ní fífẹ̀, ti wà nínú àpótí yẹn láti ọjọ́ kìíní, ìṣísẹ̀ ogójì sí ẹnu ọ̀nà.

“Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?” Ẹnjiníà ti mú bíró.

Ó rò ó wò kíá. Bó bá ní ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta sẹ́yìn, yóò ní láti sọ ẹni tó ń tẹ̀ka fún òun. Ẹ̀kejì á lọlé, òun náà á lọlé, òfin ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Gbèsè àbúrò rẹ̀ wà ńlẹ̀, owó ilé tún ń bọ̀, àwọn ibi iṣẹ́ yòókù sì ti ń kan ẹ̀rọ mọ́ òpó.

“Òní ni,” ó ní.

“Òní? Mo rò pé mo ti ń rí yín lókè.”

“Ojú mi jọ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, Ẹnjiníà.”

Ó kọ òní sí i. Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta bá ọ̀rọ̀ kan lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Gúnrégé gbé káàdì rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ ewé tàn. Ẹ̀kejì tẹríba. “Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá.”

“Igba ó lé márùn-ún,” ni Gúnrégé dáhùn, lóhùn òkè.

Bẹ́ẹ̀ ló ń kí i láràárọ̀. Àwọn lébìrà kọ́kọ́ rò pé orí bàbá ti yí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń bá a gbè é. Bí Ẹ̀kejì bá ti ní ẹ kú àárọ̀, ogún ohùn á ní, “Igba ó lé márùn-ún!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà bojú.

Wọ́n wá fi àbúrò ìyàwó Ẹ̀kejì sí abẹ́ Gúnrégé ní àjà kẹrin, torí ìwé sọ pé bíríkìlà ni. Kò mọ apá òkè búlọ́ọ̀kù yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

“Ìwọ tó o ti mọ odi fún àádọ́ta ọjọ́,” Gúnrégé sọ fún un, “ǹjẹ́ o mọ orúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n kàn ní kí n wá ni.”

Kò lè bínú sí ìyẹn. Ó ní kó lọ pọn omi.

Ẹnjiníà gbọ́ ariwo àárọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró. “Bàbá, kí ni igba ó lé márùn-ún?”

Ẹ̀kejì ń wo ilẹ̀, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Gúnrégé jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ sí i.

“Àkáǹtì èmi àti ọmọ mi ni,” ó ní, ó sì gun òkè lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún wọ fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀kejì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó yí ìkíni padà. “Igba,” ó ní. Ẹ̀kejì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dáríjì. Láti ọjọ́ náà, kò tún san ẹyọ kan.

Láti àjà karùn-ún sókè, odi tí ọkọ̀ ń gbé wá ni wọ́n lò. Kò sí búlọ́ọ̀kù mọ́. Ọjọ́ méjìdínlógójì ni káàdì Gúnrégé kà kí wọ́n tó dá àwọn bíríkìlà tí kò sí nínú ìwé olóṣù dúró. Ọjọ́ méjìlá ló kù kó wọ ìwé olóṣù.

Ó padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n tú ẹ̀rọ kúrò lára òpó. Ẹ̀kejì gbé ẹ̀rọ náà lé itan nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́, àbúrò ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, wọ́n ń lọ sí ibi iṣẹ́ tuntun. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí orí padà, Ẹ̀kejì rí i lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tó fẹ́ kí i.

“Igba!” Gúnrégé pariwo.

Ẹ̀kejì yí gíláàsì ọkọ̀ sókè.