Kò Sí Àna Lẹ́nu Gẹ́ètì

Báàgì oúnjẹ ló gbé wọlé. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ rántí nìyẹn nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń bi wá léèrè. Ọkùnrin náà kí àwọn tó wà lẹ́nu gẹ́ètì dáadáa, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé báàgì oúnjẹ dání bí ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Èmi ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Abuloma, ní Port Harcourt, nígbà náà. Mo dé ìlú yìí ní 1999, mo ń ru búlọ́ọ̀kù níbi ìkọ́lé, mo sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Dádì ni àwọn tí a jọ ṣe ìdánwò ń pè mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ ilé-ìwé. Mo mọ ohun tí ìjókòó kan nínú kíláàsì jẹ́ fún ẹni tó pẹ́ kó tó rí i.

Iṣẹ́ gẹ́ètì rọrùn lójú ẹni tí kò ṣe é rí. Wọ́n rò pé kí á kàn ṣílẹ̀kùn kí á sì tì í ni. Ojú ni ẹ̀ṣọ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó wo ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi, Píjìn ló sì fi kọ́ mi: "Face dey lie. Look hand." Èmi náà fi kọ́ Sọ́ńdè, igbákejì mi. Ọmọ Ogoni ni Sọ́ńdè, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, èmi kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà iṣẹ́ wa wọ̀.

Ṣùgbọ́n a ní àṣà kan. Ọkọ olùkọ́ èyíkéyìí, àna la máa ń pè é. "In-law don come!" ni Sọ́ńdè máa ń ké, gẹ́ètì á sì ṣí. A kì í bi àna léèrè ibi tó ń lọ, a kì í sì í wo ọwọ́ rẹ̀. Àwa tí a wá láti ilẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ burú ju àwọn yòókù lọ. "Ọkọ wa, ẹ káàbọ̀, sà," a ó sì tún tẹrí ba.

Àǹtí Ṣadé ni olùkọ́ Praimárì Tuu. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọkùnrin náà ń lù ú. Ó máa ń wọ awò dúdú wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí oòrùn kò ràn. Àwọn àgbà ìjọ wọn parí ìjà náà títí ó fi sú wọn. Níkẹyìn, obìnrin náà kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Oyigbo, ó sì sọ fún ọ́fíìsì pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ òun dé ọ̀dọ̀ òun. Ọ́fíìsì gbọ́. Àwọn olùkọ́ gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún gẹ́ètì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kí á má fi ìtìjú obìnrin náà lé àwọn tó ń ṣọ́nà lọ́wọ́. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo wà lẹ́yìn ilé-ìwé, mò ń wo apá ògiri tí òjò wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Sọ́ńdè ṣí gẹ́ètì fún àna. Ó tilẹ̀ bá a ṣàwàdà: "In-law, my own food nko?"

"Next time," ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe. Igbe àwọn ọmọ tó ń ṣeré yàtọ̀ sí igbe ìbẹ̀rù. Mo sáré.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni kíláàsì náà ní. Àwọn ọmọ ti fún ara wọn mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Àǹtí Ṣadé dúró níwájú wọn, ó na apá méjèèjì. Báàgì oúnjẹ wà nílẹ̀, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú táyà ló wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Lónìí ni wàá tẹ̀ lé mi délé," ló ń wí, "àbí kí ẹnikẹ́ni nínú wa má délé mọ́."

Kóńdó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá gbé e sókè, òun náà á ju sípánà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Mo ju kóńdó sílẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo bọ́ sí àárín òun àti obìnrin náà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Irun mi ti tètè funfun. Ọkùnrin yẹn kò tíì pé ogójì ọdún. Ọmọ Yorùbá tí bàbá dọ̀bálẹ̀ fún á kọ́kọ́ dàrú ná, bó ti wù kí inú máa bí i tó. Apá rẹ̀ tó gbé sókè wálẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí fún mi."

"Mi ò dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ wa." Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, bí a ti ń bẹ̀bẹ̀ nílé wa. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni.

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ kí n gba èpè ni?"

"Èmi ni kí ẹ bínú sí, sà. Ẹ wo ojú mi."

Ó wo ojú mi. Láìyí ojú kúrò lára rẹ̀, mo ní kí Àǹtí Ṣadé máa kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, oníkálukú di aṣọ ẹni iwájú rẹ̀ mú, olùkọ́ wọn ló kẹ́yìn. Nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ́ yí padà. Mi ò tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣubú lu àga àwọn ọmọ, sípánà sì bà mí léjìká. Sọ́ńdè já wọlé, ó jókòó lé e lórí. Sọ́ńdè kì í ṣe èèyàn kékeré.

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wò mí nílẹ̀. "Oga, abeg, you dey beg am or you dey arrest am?"

"Na the two," mo dáhùn.

Ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà lọ. Ọmọ kankan kò fara pa. Èjìká mi máa ń dùn mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ìyàwó mi ló máa ń fi òróró pa á kó tó ṣaláìsí, á sì máa ní bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún bàbá òun lọ́jọ́ ìdána kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Nígbà tí àwọn òbí ṣe ìpàdé, mo rí i pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n káàánú Àǹtí Ṣadé, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó lọ. Ìyá kan dìde: "We pity am, true true. But make she no carry her husband palava come meet our pikin." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àǹtí Ṣadé jókòó lẹ́yìn pátápátá, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ní.

Màámì, ìyẹn obìnrin Ikwerre tó ni ilé-ìwé náà, yíjú sí mi, ó ní kí n sọ tèmi. N kò sọ̀rọ̀ nípàdé rí.

Mo ní kì í ṣe Àǹtí ló ṣí gẹ́ètì. Àwa la ṣí i. Bí wọ́n bá lé e lọ, gẹ́ètì á wà bó ṣe wà, ọkọ ẹlòmíràn á sì tún gbé báàgì wá.

"So you fit swear say e no go happen again?" ni ìyá yẹn bi mí.

"Madam, I no dey swear. I dey lock gate."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màámì béèrè ohun tí mo nílò, mo sọ ọ́, ilẹ̀kùn kejì fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ṣáájú. Bàbá kan tó jẹ́ wẹ́dà ní òun á ṣe àwọn ilẹ̀kùn. Màámì wá dìde, ó ní Àǹtí Ṣadé ń padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ti parí.

A lu ògiri ẹ̀yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan, a fi ilẹ̀kùn kejì sí i. A gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi máńgòrò níta gẹ́ètì. Ẹni yòówù kó wá, ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, a ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wá, ẹni náà ló máa sọ bóyá kí á ṣílẹ̀kùn. Olùkọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà nílé, gẹ́ètì ni kó kọ́kọ́ sọ fún. Àǹtí Ṣadé fúnra rẹ̀ lẹ fọ́tò ọkọ rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa. Òun náà ló ronú ohun tí a ó kọ́ àwọn ọmọ láìdẹ́rù bà wọ́n. Bí olùkọ́ bá ti ní "Garden time!", wọ́n á di aṣọ ara wọn mú, wọ́n á gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ bomi rin ewé ugu. Ugu náà sì rúwé dáadáa.

Bẹ́ǹṣì yẹn bí àwọn àna kan nínú. Ọ̀kan gbaná jẹ, ó ní òun ni ọkọ igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Sọ́ńdè nu bẹ́ǹṣì fún un: "Na why we dey polish am, sir."

Ọkọ Àǹtí Ṣadé padà wá lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò mú nǹkan kan dání. Mo fi bẹ́ǹṣì hàn án, ó jókòó.

"Bàbá, mo fẹ́ rí ìyàwó mi."

"Mo ti ránṣẹ́, sà. Ó ní rárá."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti yí padà."

"Ó ní rárá, sà."

Ó wò mí pẹ́. Bóyá ó ń retí kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dúró. Àwọn ọmọ Praimárì Tuu ti wà lẹ́yìn ilé nígbà yẹn, wọ́n ń bomi rin ugu, Sọ́ńdè sì ti pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ. A kò rí i níbẹ̀ mọ́.

Mo ti kúrò nílé-ìwé náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-ìwé káàkiri, títí dé Amadi-Ama, ni mò ń kọ́ níṣẹ́ báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo yà kí Àǹtí Ṣadé, tó ti di olórí apá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí n kò mọ̀ ló wà lẹ́nu gẹ́ètì. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò.

"Papa, wetin dey inside that nylon?"

"Orange."

"Who you come see?"

Mo sọ fún un. Mo tún fi kún un pé èmi ni mo gbé bẹ́ǹṣì yẹn síbẹ̀.

"Then you sabi where to sidon," ló wí.

Mo jókòó. N kò rántí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Ṣadé jáde, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ sí apá tirẹ̀ níbi irin gẹ́ètì. "Bàbá! Ẹ̀yin náà lórí bẹ́ǹṣì?" Ọmọbìnrin náà sáré mú kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó dúró, ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó ṣí i.

Àǹtí Ṣadé wò mí, ó wo ọmọbìnrin náà, ó sì dìde dúró dáadáa.

"I know am," ló wí. "Open."

Ìgbà yẹn ni gẹ́ètì ṣí.