Ológbò Tí Kò Lè Gbé Orí Sókè

Ìwé kẹta ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ajá bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Ìhunbọ, èmi ni wọ́n ń sáré wá pè. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá dókítà ẹranko kan ṣiṣẹ́ ní Ìlaròó. Iṣẹ́ mi ni pé kí n di ajá mú kí bàbá náà lè gún un lábẹ́rẹ́. Ẹni tó bá di ajá mú fún ọdún mẹ́jọ, ojú rẹ̀ á ti rí ohun tí ẹlòmíì ń wá nínú ìwé. Nígbà tí bàbá náà fẹ̀yìn tì, mo padà sílé, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dókítà Ajá. Mo mọ àìsàn tí eégbọn ń fà. Mo mọ aràn. Dìgbòlugi ńkọ́? Láti ọ̀ọ́kán ni mo ti ń dá a mọ̀, kí ajá náà fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ní in.

Ológbò ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé, kì í ṣe ajá. Díẹ̀ ló kù kó lé èèyàn kan síta láìní ibi tó máa forí lé.

Ìgbà tí ìjọba ti ẹnubodè, tí ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ mọ̀ pé ìrẹsì wọ́n, ó parí. Àwa tí a wà níbẹ̀, a ò mọ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá dúró tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ, o máa rò pé àpò ìrẹsì tó wà nínú yàrá rẹ ló ń kà. Bí ẹnì kan bá gbé fóònù sétí tó sì rẹ ohùn sílẹ̀, a ní olófòófó ni. Èmi náà ń ṣọ́ èèyàn, n kò sì rò pé mo ṣẹ̀. Ojú mi là ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, opó ni, ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tó ń kó àgbàdo sí. Àgbàdo yẹn ni yóò tà, òun náà ni yóò jẹ títí òjò yóò fi dé. Ológbò kan ló ń bá a ṣọ́ ọ, dúdú ni, ó ní funfun láyà. Bí eku bá ti gbóòórùn rẹ̀, ọ̀nà ibòmíì ló ń gbà. Nígbà tí ẹran wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé ẹnì kan lè mú un jẹ, nítorí àwọn tó ń jẹ ológbò wà láàárín wa, a mọ̀ wọ́n. Ló bá fi okùn so ó mọ́ òpó inú yàrá àgbàdo.

Yàrá iwájú ilé náà ni aránṣọ kan ń gbé. Ará Pobẹ̀ ni, lódìkejì ẹnubodè. Yorùbá ló ń sọ bíi tiwa, àfi pé bó bá jí láàárọ̀, á ní, "Bọ́ńjúù, Màmá." Tẹ́lẹ̀, ìkíni yẹn máa ń pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa sọ Faransé sínú fóònù. Mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ni. Mo ní, ìyàwó wo lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko láìjà?

Ní tèmi, iṣẹ́ ti dúró. Ìjọba ti ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí apá ọ̀dọ̀ wa mọ́, ọ̀kadà tí mo fi ń lọ wo ajá kiri sì fara ti ògiri. Mo bá lọ dẹ ìgèrè sínú odò. N kò ní purọ́ fún yín, kò sí ẹni tó mọ ìgèrè dẹ bíi tèmi láti ibẹ̀ dé Ìlaròó. Ẹja ńlá ni mò ń tà, wẹ́wẹ́ ni mò ń kó wá fún ológbò ẹ̀gbọ́n mi, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, láti òní lọ, ẹ má fún ológbò yìí ní èbà mọ́. Èbà ló ń sọ wọ́n di ọ̀lẹ. Ẹja tútù ni oúnjẹ rẹ̀. Ta ló ń dáná fún un nínú igbó?"

"Ìwọ lo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "O ti kúrò ní dókítà ajá, o ti di ti ológbò."

"Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo wọn."

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara ológbò náà ń dán. Mo pe àwọn ará àdúgbò wá wò ó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹja kù, ó sì ń bì. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n mi jáde sẹ́yìnkùlé, ó bá aránṣọ tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àgbàdo, tó ń ju nǹkan sínú ilé. Ó ké pè mí.

"Kí lo fún un?" ni mo bi í.

"Àkàrà ni, Dókítà. Àràárọ̀ ni mo máa ń bù ú fún un nínú tèmi. Ó máa ń ké tó bá gbóòórùn rẹ̀."

"Àràárọ̀! Ta ló rán ọ? Ṣé ológbò yìí sọ fún ọ pé ebi ń pa òun?"

"Ẹnu rẹ̀ ló fi ń ké, àbí ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀?"

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Jẹ àkàrà rẹ tán, kí o jẹ ìwé tí wọ́n fi pọ́n ọn mọ́ ọn. Mi ò gbọdọ̀ rí ọ níbí mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo rí i dájú. Mo máa ń jókòó sí ibi tí mo ti lè rí i.

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ológbò náà fi ń rìn bí ẹni tó mu ọtí. Lẹ́yìn náà ni ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Èyí kò jọ ohun tí mo rí rí o. Àgbọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni pé ó ń wá nǹkan nínú ara rẹ̀. Mo gbé e sínú oòrùn, inú ẹyinjú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ dúdú kirimú, bí ẹni pé inú òkùnkùn ló wà. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù dìgbòlugi, mo wé àpò mọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, ó sì ń lá omi. Mo fún un ní oògùn aràn. Mo da epo pupa sí i lẹ́nu, mo fi omi àgbọn tẹ̀ lé e. Pàbó. Ọ̀sán ọjọ́ kan, gìrì mú un lójú gbogbo wa, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

"Májèlé ni," ni mo wí.

N kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló yí ojú sí yàrá iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi pe aránṣọ jáde. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta sí i.

"Màmá, ibo ni kí n lọ? Wọ́n ti ẹnubodè. N kò lè padà sílé, kò sì sí ẹni tó máa fún ará Pobẹ̀ ní yàrá lásìkò yìí."

"Ìyẹn ò kàn mí. Ológbò ló kàn lónìí, ta ló mọ̀ bóyá ìkòkò ọbẹ̀ mi ló kàn lọ́la?"

Aránṣọ yíjú sí mi. "Dókítà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ jù yín lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí. Ẹni tó mọ̀ jù mí! Mo ní màá gbé e lọ, màá sì gba ìwé bọ̀ pé májèlé ni, kí Baálẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé ológbò sínú apẹ̀rẹ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo wọ ọ̀kadà ọkùnrin kan tó ṣì rí epo díẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà dá wa dúró.

"Bàbá, kí lẹ bò mọ́lẹ̀?"

"Ológbò tí ara rẹ̀ kò yá ni."

"Ológbò tó ń lọ sí ọsibítù!" Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. "Kílò mélòó ni ológbò náà? Ṣé èyí tí wọ́n fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ni?"

Ó ṣí aṣọ. Ẹ̀rín rẹ̀ dákẹ́. "Kí ló ṣe ọrùn rẹ̀?"

"Ọ̀tá ni," mo dá a lóhùn.

"Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ."

Dókítà ẹranko tó wà ní Ìlaròó nígbà yẹn, ọmọbìnrin kan ni, n kò rò pé ó ju àkọ́bí mi lọ. Mo kí i, mo sọ fún un pé ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, pé mo ti mọ ohun tó ṣe ológbò náà, ìwé ni mo wá gbà.

"Kí ló ń jẹ?" ló bi mí.

"Májèlé ni mo ní kí ẹ wò."

"Mo gbọ́, Bàbá. Kí ló ń jẹ?"

"Ẹja ni. Ẹja odò gidi, èmi fúnra mi ni mò ń pa á."

"Ṣé ẹ máa ń sè é?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti tó ìgbà wo?" Mo ní ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. "Kò jẹ nǹkan mìíràn mọ́ ọn?"

"Kò jẹ nǹkan kan. Àfi aránṣọ kan tó ń ju àkàrà sí i, òun gan-an ni a fura sí. A ti lé e kúrò níbẹ̀."

"Ìgbà tí ẹ lé e ni ó burú sí i?"

Mo na ọwọ́, mo tún aṣọ orí apẹ̀rẹ̀ ṣe.

Ó gbé ológbò náà ka orí tábìlì, ó fi ìka ti orí rẹ̀ sókè. Bó ti fi í sílẹ̀ ló tún wó. Ó ní àwọn ẹja kan wà tí nǹkan kan wà nínú ẹran wọn nígbà tí wọ́n wà ní tútù, tó máa ń ba fítámì kan jẹ́ kí ara tó lò ó. Iná ló ń pa nǹkan náà. Ológbò tí kò bá ní fítámì yẹn, ọpọlọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé àjẹkù ilé ni àwọn èèyàn wa máa ń fún ológbò.

"Ẹ̀wà tí wọ́n fi ṣe àkàrà ní díẹ̀ nínú fítámì náà," ló wí. "Bóyá òun ló gbé e dé ibi tó dé."

N kò gbà. Mo rò pé ó fẹ́ fi ìwé yangàn sí mi ni. Ó fa omi mímọ́ gaara kan sínú abẹ́rẹ́, mo sì sọ nínú ara mi pé omi lásán ni. Ó ní, "Bó bá jẹ́ májèlé, èyí ò ní ṣe nǹkan kan fún un. Bó bá jẹ́ ohun tí mo sọ ni, ẹ óò rí i lọ́la."

Mo sùn sílé ìbátan wa kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí aṣọ orí apẹ̀rẹ̀. Ológbò náà gbé orí sókè, ó wo ojú mi tààrà, bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan. Mo ti rí ajá tó jí dìde lẹ́yìn àìsàn, mi ò mọye ìgbà. Èyí nìkan ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wò.

Dókítà tún gún un, ó fún mi ní oògùn tí màá máa lọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lórí ọ̀kadà, mo ń ro ohun tí màá sọ. Mo lè sọ pé májèlé ni, pé a ti wò ó sàn. Ta ni yóò rìn dé Ìlaròó láti bèèrè? Orúkọ mi yóò tún gòkè sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi, mo ti tò ó dáadáa.

Nígbà tí mo wọlé, aránṣọ ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti fi àpò wé orí rẹ̀, ó jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la. Mo gbé ológbò sílẹ̀. Ó rìn, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ díẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ aránṣọ tààrà.

"Kí ni dókítà wí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè. Gbogbo ilé ti jáde.

"Ẹja mi ni."

"Ẹja ta?"

"Ẹja tútù tí mò ń kó wá. Ó yẹ kí a sè é ni. Kò sí májèlé kankan. Àkàrà ọkùnrin yìí ló ń gbé e ró."

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ pé kí aránṣọ má bínú. Kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ náà, pẹ̀lú bó ṣe dàgbà tó, ó sì gbé e padà sínú yàrá iwájú.

Aránṣọ kò tíì dìde. "Dókítà," ló pè mí, "ká ní ó ti kú ńkọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú àkàrà rẹ̀ wá sẹ́yìnkùlé. Ó rí mi níbi tí mo jókòó sí. Ó bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu ara rẹ̀ níwájú mi, ó gbé e mì, ó la ẹnu kí n rí i, kó tó wá bu ti ológbò fún un. Mo ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, jọ̀ọ́." Ó ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi ṣí ẹnubodè tó sì lọ wo ìyàwó rẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí kò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú mi.