Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ọkọ̀ Bàbá Mi Dìde Nínú Ọ̀sà

Láàárọ̀ àná, ọmọ ọmọ mi kan ti Ejìnrìn dé, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ akàn kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn akàn náà. Bí òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà yẹn ṣe kàn mí nímú báyìí, mi ò rántí pé orúnkún ń dùn mí mọ́. Mo tún di ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo dúró ní èbúté wa, omi dé mi ní kókósẹ̀, mo ń wo ibi tí ọkọ̀ bàbá mi rì sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wọ ọkọ̀ elééfín lọ sí Èkó, ẹ ò lè mọ ohun tí ọkọ̀ kan ṣoṣo jẹ́ fún àdúgbò nígbà náà. Odidi igi ìrókò kan ni wọ́n gbẹ́ tó fi di ọkọ̀ yẹn. Ogún ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí àyè ẹrù ṣì kù. Òun ló ń kó epo wa àti aṣọ tí àwọn ìyá wa hun lọ sọ́jà, òun náà ló ń kó iyọ̀ bọ̀. Bàbá mi ni wọ́n fi í lé lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ojú omi tó o.

Ọjọ́ tó rì, ọlọ àti iyọ̀ ló kún inú rẹ̀. Èbúté ti hàn sójú nígbà tí ìjì dédé bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń tukọ̀ ní kí àwọn yà sí etí igbó, bàbá mi ní àwọn á délé kí òjò tó dé. Wọn ò délé. Ìgbì gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ gbomi mu, ó sì lọ sísàlẹ̀. Gbogbo wọn lúwẹ̀ẹ́ jáde láàyè. Iyọ̀ nìkan ni ọ̀sà jẹ, kò sì tìtorí ẹ̀ dùn sí i.

Láti ọjọ́ náà, bàbá mi ò jáde mọ́. Àwọn àgbààgbà ní kò sẹ́ni tó lè fa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀. Àwọn kan ní bí wọ́n bá tilẹ̀ gbẹ́ òmíràn, ẹlòmíràn ni kó máa tù ú. Gbogbo rẹ̀ ni bàbá mi ń gbọ́ láti inú yàrá. Bí ìyá mi ṣe ń gbé oúnjẹ wọlé ló ń gbé e jáde.

Lọ́jọ́ karùn-ún ni Ìyá Odògbolú dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ọmọ ìyá kan náà, ó sì lọ́kọ sí Odògbolú, níbi tí wọ́n ti ń dáko. Iṣu ni àwa ọmọdé fi mọ̀ ọ́n. A ò mọ̀ pé nígbà tí òun àti bàbá mi wà lọ́mọdé, tí bàbá wọn ń pẹja létí òkun, ọkọ̀ òyìnbó kan fọ́ sí tòsí etíkun ibẹ̀, àwọn méjèèjì a sì máa mòòkùn wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ kó irin àti bàbà. Ó ní lọ́jọ́ kan, ẹja kan tó tó ewúrẹ́ yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá inú ọkọ̀ náà, ó sì wo òun bí onílé ṣe ń wo olè.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi.

“Níbo ni ọkọ̀ náà wà?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ojú ń tì mí.”

“Mi ò bi ọ́ nípa ojú. Dìde. Ìwọ lo mọ ibi tó wà.”

Bàbá mi dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ti wà létí omi. Ìyá Odògbolú ti gba akèrègbè jọ láti ilé dé ilé, ó ti fi ìda dí ẹnu gbogbo wọn kí afẹ́fẹ́ inú wọn lè gbé ọkọ̀ léfòó. Àwọn ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ kéékèèké ń fi obìnrin oko rẹ́rìn-ín. Ó fún ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó ní, “Ẹ máa rín in lọ, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín máa fa okùn.”

Òun àti bàbá mi kọ́kọ́ mòòkùn lọ fi okùn so àwọn ọlọ nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ń fà wọ́n sókè. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ń gbé ọlọ kọ̀ọ̀kan mọ́ àyà, wọ́n ń há akèrègbè sí abíyá, kí ọlọ lè fà wọ́n lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á so akèrègbè mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n á ju ọlọ sílẹ̀, wọ́n á yọ. Títí di ọ̀sán ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Akèrègbè tán, ọkọ̀ ò mira. Iwájú rẹ̀ ti rì sínú ẹrẹ̀.

Bàbá mi ní òun á lọ fọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ náà kúrò. Ó mòòkùn. Mo ń kà á. Mo ka ogún, mo ka ogójì. Nígbà tí mo dé ọgọ́ta, kò tíì yọ. Ìyá mi ti rìn wọ inú omi dé ọrùn láìmọ̀. Ìyá Odògbolú fa èémí, ó mòòkùn tẹ̀ lé bàbá mi.

Omi dúdú. Akèrègbè kan fò jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni orí ọkọ̀ ìrókò náà yọ sójú omi bí orí erinmi, àwọn méjèèjì dì í mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bàbá mi ń wúkọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, bàbá mi ló tù ú lọ sí Ejìnrìn. Ìyá Odògbolú jókòó síwájú bí ìyàwó tuntun, ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín jù ló sì ru ẹrù rẹ̀ gòkè.

Ọkọ̀ náà ti jẹrà tipẹ́, koríko ti bo èbúté wa. Àwọn ọmọ tó wà nílé mi báyìí, bí omi bá kọjá ọrùn ẹsẹ̀ wọn, igbe ni wọ́n ń ké. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, iná jó abà ọmọ mi ọkùnrin ní Ìmùṣin. Kí n tó rí ẹni bá mi mú ọ̀pá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti dé ibẹ̀, ó ti wà lórí igi òrùlé tuntun, ó ń na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó gbé ewé tí wọ́n á fi bo abà náà wá.