Yèyé ní a ò gbọdọ̀ wó ilé amọ̀ náà mọ́

Ẹ wá gbọ́ bí Yèyé ṣe fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì dá iṣẹ́ mi dúró lónìí o!

Àárọ̀ yìí ni mo lọ sí Iwaraja láti wó ilé amọ̀ tí bàbá àgbà kọ́ kí wọ́n tó kú. Ìjì ti ṣí òrùlé ẹ̀, ògiri kan sì ti wó. Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Bíríkìlà ti dé.

Ìgbà yẹn ni Fọlákẹ́ àbúrò mi, tó ń kàwé ní Gíríìsì, pè wá lórí fídíò. Ó ń fi ilé òrìṣà àtijọ́ kan hàn wá, òpó òkúta nìkan ló kù.

Yèyé gba fóònù. "Ta ló wó ilé wọn?"

"Ó ti pẹ́ ni, Yèyé. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ."

"O wá wọ bààlúù lọ wo ilé tó ti wó?"

"Gbogbo ayé ló ń wá wò ó, mà."

Yèyé dá fóònù padà fún mi, wọ́n gbọ́wọ́ lé ògiri.

"Èmi ni mo pọnmi tí ọkọ mi fi po amọ̀ yìí. Oyún bàbá rẹ ló wà nínú mi nígbà yẹn. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣì máa rí i."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kí bíríkìlà máa lọ.

Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa wó o? Ibo la wá máa kọ́ tuntun sí báyìí?