Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Àṣẹ

Mo na ọmọ sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo ń fi kànrìnkàn fọ ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí obìnrin ẹlẹ́pà tó máa ń jókòó ti ìyá ọkọ mi ní ìdíkọ̀ rélùwéè já wọ àgbàlá wa. Ẹsẹ̀ lásán ló wà.

"Ìyá ọmọ tuntun, gbé ọmọ yẹn pọ̀n! Wọ́n ti mú Ìyá."

"Ìyá wo?"

"Ìyá mélòó lo ní nínú ilé yìí? Ìyá ọkọ ẹ! Wọ́n wà ní ọ́fíìsì, ọlọ́pàá dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń ṣọ́ apànìyàn. Wọ́n ní báàjì ọwọ́ wọn, àwọn kọ́ ló ni ín."

Ọṣẹ ṣì wà létí ọmọ. Mo da omi lé e lára lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó figbe ta, mo sì gbé e pọ̀n tòun ti omi. Ọjọ́ kejìlélógún tí mo bí i nìyẹn. Kò yẹ kí n jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rán? Ọkọ mi wà ní Jọ́ọ̀sì níbi tó ti ń ránṣọ. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbé. Kí ẹlẹ́pà tó ṣàlàyé tán, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ó máa ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó lé ní ogún ọdún tí Ìyá ti ń ta ọ̀dùnkún díndín fún èrò inú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí òrùlé lórí pèpéle tí èrò ti ń wọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè, wọ́n á gbé àwo lé orí, wọ́n á máa sáré tẹ̀lé fèrèsé, wọ́n á máa di ọ̀dùnkún sínú ewé, ata lórí ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò ní dúró de tòsì. Bí ọkọ̀ bá sì ti gbéra kí wọ́n tó fún èrò ní ṣẹ́ńjì rẹ̀, wọ́n á sá tẹ̀ lé e dé ìparí pèpéle kí wọ́n tó jù ú sí i lọ́wọ́. Ọ̀dùnkún yẹn ló kọ́ ọkọ mi níṣẹ́. Ọ̀dùnkún ló kan páànù sórí ilé wa.

Lẹ́yìn náà ni òfin dé. Òyìnbó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tajà lórí pèpéle mọ́ àfi ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú báàjì bàbà kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́. Kí Ìyá tó mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, wọ́n ní ó ti kún. Ọdún tí mo wọlé ọkọ ni àyè kan ṣí sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Èmi sì ti ka ìwé dé kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin. Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n fún mi. Èmi tí n kò din ẹyọ ọ̀dùnkún kan tà rí láyé mi! Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo pèpéle yẹn ò rí gbà, ọmọ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ló rí gbà. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi.

Mo gbé báàjì wálé. Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún títí ó fi ń dán.

"Báàjì wa rè é," wọ́n ní. "Báàjì ilé wa."

Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn ṣe ń lo ọlọ ilé la ṣe ń lò ó. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ló ń so ó mọ́wọ́. Èmi ni mo ń lọ sídìí ọkọ̀ àárọ̀, Ìyá ń lọ sídìí tọ̀sán. Nígbà tí mo bímọ, àwọn nìkan ló ń lọ, wọ́n ń bá mi ta tèmi mọ́ tiwọn. Bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìyẹn. Ta ni ó máa jẹ́ kí ọjà ọlọ́mọ tuntun kú?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé àṣẹ yẹn, lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú ìwé nìkan ló gbọdọ̀ lo báàjì, kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíì, ì báà jẹ́ ẹbí rẹ̀. Mo kà á lọ́jọ́ tí mo gbà á. Ó yé mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i? Kí n dúró níwájú ìyá ọkọ mi kí n ní, "Ìyá, tèmi nìkan ni, kì í ṣe tiyín"? Ìyàwó wo ló ń sọ irú ẹ̀, nígbà tí omi tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kò tíì gbẹ? Ẹnu mi ò gbà á. Mo ká ìwé náà, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, òyìnbó kan tó bá ọkọ̀ wá láti yẹ ìwé àwọn ọlọ́jà wò ló jókòó sídìí tábìlì. Akọ̀wé kan, Yorùbá bíi tèmi, dúró tì í, ó ń ṣe ògbufọ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Ìyá jókòó sí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀! Àga méjì sì ṣófo nínú yàrá náà. Àwo ọ̀dùnkún wọn wà lójú fèrèsé, wọ́n ní ẹ̀rí ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo wo àwo, mo wo ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Ètè rẹ̀ ń dán fún òróró. Ẹ̀rí ti ń dín kù.

Akọ̀wé na ìka sí ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì. "Ẹni tó ni nọ́ńbà yìí, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n kọ síbí. Mo bi ìyá yìí bóyá àwọn ni, wọ́n ní àwọn ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ ṣì kéré o."

"Rín tán," ni Ìyá dá a lóhùn. "Mo ní èmi ni. Ìyàwó mi ni ìwé yẹn ń pè. Ọmọ mi ló fẹ́ ẹ, ilé mi ló ń gbé, èyí tó pọ̀n yẹn, ojú mi ló gbé wá. Bí kì í bá ṣe èmi, ta ni?"

Òyìnbó béèrè ohun tí wọ́n wí. Akọ̀wé sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ó ní òun ò mọ nǹkan kan."

Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Arábìnrin, gbọ́ mi. Bí o bá ní ńṣe ni wọ́n mú báàjì láìsọ fún ọ, ìwé àṣẹ rẹ wà níbẹ̀, ìyá yìí nìkan ló ń lọ sí kóòtù. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn ò ní pẹ́ ní àhámọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ìwọ lo fún wọn, wọ́n á tú wọn sílẹ̀, òyìnbó á gba báàjì, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i gbà mọ́ nínú ilé yín. Ro ti ọmọ ẹ̀yìn rẹ."

Kí n tó lanu, Ìyá ti sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, sọ pé mo jí i."

"Háà, Ìyá!"

"Mo ní sọ pé mo jí i. Ṣé kí àyè wa bọ́ ni? Bí wọ́n bá pè mí lólè, ṣé mo máa kú ni?"

Obìnrin tó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin nítorí ṣẹ́ńjì ẹni ẹlẹ́ni!

Mo kọjú sí òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi sọ fún un pé èmi ni mo fún wọn, pé mo ti ka ẹ̀yìn ìwé, pé ó yé mi, pé mi ò sọ fún wọn. Mo ní àwọn ló ti wà níbẹ̀ kí òfin rẹ̀ tó dé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní ó dun òun pé ẹni tó kàwé lè máa hùwà bí ará oko. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé ọ̀dùnkún ará oko lọlọ́pàá rẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún, mo tún ọ̀já rẹ̀ dì.

Ó na ọwọ́ fún báàjì. Okùn rẹ̀ ò tú lọ́wọ́ Ìyá. Akọ̀wé mú sísọ́ọ̀sì wá, Ìyá yí ọwọ́ wọn kúrò, wọ́n fi eyín tú u fúnra wọn, wọ́n sì gbé e ka orí tábìlì.

A fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí Ìyá bi mí.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tí mo gbà á ni, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò kà á fún mi?"

"Mo rò pé ẹ máa ní mo fẹ́ bá yín pín ilé ni."

Wọ́n dúró. "Bí o bá kà á fún mi ni, à bá ti wá ọgbọ́n sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ọgbọ́n sí ohun tí mi ò mọ̀?" Wọ́n gba ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n fi ìka nu etí rẹ̀. Ọṣẹ ti gbẹ síbẹ̀.

Òmìnira dé, a jó, a jẹ ìrẹsì. Òyìnbó lọ, èèyàn dúdú jókòó sórí àga rẹ̀. Pátákó tí wọ́n kọ òfin yẹn sí ò kúrò lára ògiri ìdíkọ̀. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún. Ẹ̀yìn wáyà tí wọ́n fi yí ìdíkọ̀ ká ni Ìyá ti ń ta ọ̀dùnkún fún ọdún díẹ̀, níbi tí ọwọ́ èrò ò dé, títí ó fi sú wọn. Títí dòní, bí ọkọ̀ bá fọn fèrè, wọ́n á dìde lórí àpótí ìjókòó wọn, ọwọ́ wọn á máa wá àwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún jókòó.

Ọmọ mi rí i lọ́jọ́ kan. Ó ti ń lọ sílé ìwé nígbà náà. "Màmá, kí ló dé tí Ìyá Àgbà máa ń dìde bí ọkọ̀ bá ti dé?"

Mo fà á mọ́ra. Mo sọ fún un pé: "Wọ́n fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ wọn ni. Òfin ló lé wọn níbẹ̀, òfin burúkú ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, tí mo dákẹ́. Ìwé tí o bá mú wọ ilé yìí, kà á sókè fún wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Má ṣe rò pé o ń rí wọn fín. Èmi tí mo dákẹ́ yẹn ni mo rí wọn fín."