Èdìdì Tí Kókó Tuntun Kọ̀

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Pobè ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lẹ́mìí. Lẹ́yìn ọjà ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Mo ń tẹ ìwé níbẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sí mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, mo sì ń ṣe fótókópì. Lọ́jọ́ náà kọ̀ǹpútà mi kú. Oníbàárà kan tó ń ti Kétu bọ̀ fa klé kékeré kan, fúláàṣì, yọ lápò, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ó tan án. Àwọn ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú dúdú: mo ti rí àtẹ bọ́tìnì; mo ti rí díìsì, bí ó ti tóbi tó nìyí; mo ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọkùnrin náà ní, "Linux nìyẹn, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́." N kò gbọ́ orúkọ náà dáadáa, ojú mi wà lára àwọn ìlà. Gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti lò rí, bí wọ́n bá bàjẹ́, ṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Èyí ń ròyìn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á, kó tún un tàn, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí n kò rí rí ni mo ti kà á, ní èdè Faransé, àti ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń tú bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní Pobè, ìwé wọn ni wọ́n fẹ́ kó jáde. Bí ó ṣe jáde kò kàn wọ́n.

Nígbà tí ara ìyá mi kò gbé e mọ́, mo padà sí ilé wa ní Yoko, mo wá ń lọ sí Pobè ní ọjọ́ ọjà nìkan, bí aládùúgbò wa obìnrin kan bá ráyè jókòó tì í. Ìgbàgbé ló mú ìyá mi. Ó gbàgbé ọ̀nà oko, ó gbàgbé ọjọ́ ìsìn, aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì wà lára ìṣó láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó wá gbàgbé ojú mi. Èmi tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń bọ́ ọ, dókítà ló ń pè mí. Ojú tí kò gbàgbé ni ti àbúrò mi obìnrin, ẹni tó ń dáná ní ilé oúnjẹ kan ní Libreville. Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, àti ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń rí i lójú kọ̀ǹpútà mi, ìyá mi á sì jẹun nítorí ọmọ rẹ̀ ní kó jẹun.

Àbúrò mi a máa fi mí ṣeré. "Ìyá, ẹni tó gbé ṣíbí dání yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Dókítà ni."

"Ọmọ yín ni o! Àkọ́bí yín ni!"

Ìyá mi á wò mí látòkè délẹ̀. "Irọ́ ni. Ọmọ mi ò ní irùngbọ̀n funfun."

Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín títí á fi nu ojú. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì fi ṣíbí ògì sí ìyá mi lẹ́nu, á gbé e mì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ojú yẹn fi ń dé Yoko. Ilé wa wà ní kòtò, ọ̀pẹ yí i ká, tẹlifóònù kò sì gbọ́ ju ohùn lásán lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wifi ní oríta, lójú ọ̀nà Sakété. Mo ra klé wifi kan tó ṣeé so mọ́ antẹ́nà gígùn, mo di antẹ́nà náà mọ́ orí ọparun, mo kọ ojú rẹ̀ sí oríta. Mo ń yí ọparun díẹ̀, mo ń sáré wọlé lọ ka nọ́mbà, mo tún ń sáré jáde. Agbára wifi, nọ́mbà tó wà lábẹ́ òdo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣe ń sún mọ́ òdo ni ó ń lágbára sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ ní −78, tí ojú àbúrò mi fi dà bí aṣọ tó ya. Nígbà tó dé −66, mo rí yẹtí rẹ̀.

Klé wifi kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó ní ètò kékeré tó ń darí rẹ̀. Àwa tí a fi Faransé kọ́ iṣẹ́ yìí ń pè é ní pilọ́ọ̀tì. Pilọ́ọ̀tì tèmi kò bá Linux wá. Àwọn ènìyàn kan ló kọ ọ́ lọ́tọ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kàn án mọ́ kókó Linux, apá àárín tí gbogbo ètò yòókù gbára lé. Bí kókó bá yí padà, àfi kí a tún pilọ́ọ̀tì kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti kí wa tán, mo gba kókó tuntun. Díìsì mi kéré, mo sì pa èyí àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè wà. Mo tún ẹ̀rọ tàn. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára klé wifi kò tàn. Mo tẹ lsusb, àṣẹ tó ń ka gbogbo ohun tí a tì bọ ẹ̀rọ: klé wà níbẹ̀. Mo tẹ ip link, tó ń ka àwọn ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kò sí ọ̀nà kankan. Ẹ̀rọ rí klé, ṣùgbọ́n kò ní pilọ́ọ̀tì tí yóò fi wà á.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí. Àbúrò mi pè sórí tẹlifóònù kékeré mi. Mo gbé e sí ìyá mi létí.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀ nínú igi yìí?" ni ìyá mi wí. "Ẹ gbé e kúrò."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí oríta, bóyá olùtà tíkẹ́ẹ̀tì á ní ìmọ̀ràn.

"Ẹ̀gbọ́n, wifi mi ń ṣiṣẹ́ o!" Ó ti ń pariwo kí n tó sọ̀rọ̀. "Ẹ ra tẹlifóònù ńlá bí àwọn ẹgbẹ́ yín."

"Gbé tìrẹ wá sí àgbàlá wa, ká wò ó bóyá á gbọ́."

"Inú kòtò yẹn? Ẹ̀gbọ́n, bóyá ni Ọlọ́run gan-an ń gbọ́ àdúrà yín níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà lọ, inú mi kò dùn.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Láti kan pilọ́ọ̀tì mọ́ kókó, ènìyàn nílò àwọn fáìlì tó ṣàpèjúwe kókó náà. Mo lọ gbà wọ́n sórí klé fúláàṣì ní Pobè, mo padà, mo rí i pé nọ́mbà kókó mi parí sí 51, fáìlì tí mo gbà sì jẹ́ ti 52. Mo tún lọ. Àwọn fáìlì bára mu lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n pilọ́ọ̀tì àtijọ́ kò kàn mọ́ kókó: ó ń pe iṣẹ́ kan tí kókó tuntun ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo tún lọ gba pilọ́ọ̀tì tuntun, mo nu gbogbo ti àtijọ́ kúrò kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ra wọn. Ó kàn. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo. Mo dìde lórí àga, mo wo iyàrá yíká. Ìyá mi ń sùn.

Mo pàṣẹ kí pilọ́ọ̀tì wọlé. Ẹ̀rọ dáhùn pé òun kọ èdìdì rẹ̀.

Ó gbà mí lákòókò kí n tó lóye. Ẹ̀rọ mi kì í gba ètò kankan sínú kókó bí kò bá rí èdìdì tó mọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó ta klé wifi fún mi ní Porto-Novo ló fi èdìdì àkọ́kọ́ hàn án. Nígbà tí mo nu ti àtijọ́ kúrò, èdìdì yẹn bá a lọ, pilọ́ọ̀tì tuntun sì wá pẹ̀lú tirẹ̀. N kò lè pa àyẹ̀wò èdìdì náà, nítorí ọ́fíìsì òkè òkun tó ti lo ẹ̀rọ náà ṣáájú mi ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ibẹ̀ pa. Ó kù kí n fi èdìdì tuntun han ẹ̀rọ. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é: ènìyàn á yan ọ̀rọ̀ aṣínà, á tún ẹ̀rọ tàn, ojú búlúù kan á yọ kí Linux tó jí, á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Mo lo nọ́mbà tẹlifóònù àbúrò mi, nítorí n kò lè gbàgbé rẹ̀. Ojú búlúù yọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Kì í fi ohun tí a ń tẹ̀ hàn. Ó ní kì í ṣe òun. Mo rọra tún un tẹ̀, nọ́mbà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní kì í ṣe òun.

Ní Pobè, mo kọ ìbéèrè sí ibi tí àwọn onímọ̀ Linux ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo tún dé Pobè, mo wò ó. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ìyá mi ti ń gbẹ. Ògì tó ń gbé mì kò tó ti ọmọ ọwọ́. Mo ronú títí, mo sì bẹ àbúrò mi kó ya fídíò ara rẹ̀. Mo gbé e láti Pobè wálé, mo tan án síwájú ìyá mi. Ojú rẹ̀ là! Ó na ọwọ́. "Ìyá, ẹ jẹun o," ni àbúrò mi wí lójú ẹ̀rọ.

"Ṣé o ti jẹun ní tìrẹ?" ni ìyá mi bi í.

Fídíò ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ìyá mi tún bi í. Ó dúró kí ọmọ rẹ̀ dáhùn. Nígbà tó pẹ́, ó kọjú sí ògiri.

"Dókítà," ó wí fún mi, "kí ni mo fi ṣẹ ọmọ yìí?"

Mo pa fídíò náà. N kò tan án mọ́.

Ọjọ́ ọjà ló tẹ̀ lé e. Oníṣòwò obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ará Ìlárá, lápá Nàìjíríà. Ó fẹ́ kí n tẹ ìwé pélébé tí yóò lẹ̀ mọ́ àwọn àpótí ọjà rẹ̀. Ó ní mo ń pẹ́.

"Bàbá, ẹ sún fún mi, ẹ jẹ́ n tẹ nọ́mbà mi fúnra mi. Mo ń lo kọ̀ǹpútà nílé."

Mo sún. Ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, ó gbójú sókè, àmì lóríṣiríṣi ló kún ojú ìwé, kò sí nọ́mbà kan níbẹ̀.

"Kí ni kinní yìí ń kọ? Nọ́mbà ni mo tẹ̀!"

"Ẹ kọ́kọ́ di bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ yìí mú, kí ẹ tó tẹ nọ́mbà."

"Kí n di nǹkan mú kí n tó kọ ẹyọ nọ́mbà kan? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Ẹ̀yin ará Faransé yìí, ẹ kì í ṣe nǹkan ní tààrà!"

Ọwọ́ mi dúró lókè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tẹ ìwé, ọwọ́ òsì mi kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún tẹ nọ́mbà láìkọ́kọ́ di bọ́tìnì yẹn mú. Ìka mi ń ṣe é, orí mi kò mọ̀. Àwọn tó ṣe ojú búlúù kò sì mọ àtẹ bọ́tìnì Faransé. Bí ti obìnrin yìí ni ọwọ́ wọn rí. Gbogbo nọ́mbà tí mo rọra ń tẹ̀ síbẹ̀, àmì ni ojú búlúù ń gbà.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan? Ẹ ń wò mí bí ẹni rí òkú."

"Ẹ má bínú. Ẹ má sanwó. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ẹ̀rọ yín ya wèrè, ẹ̀yin náà ti ń bá a lọ."

Mo gun ọ̀kadà sẹ́míjàn láti Pobè gba Sakété dé Yoko láìyà síbi kankan. Mo yan ọ̀rọ̀ aṣínà lákọ̀tun. Nígbà tí ojú búlúù yọ, mo jókòó lé ọwọ́ òsì mi. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi tẹ nọ́mbà àbúrò mi. Ó gbà á. Linux jí, àwọn ìlà ń sáré, mo ń kà wọ́n, mo sì rí ìlà tí pilọ́ọ̀tì mi ti ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Iná klé ṣẹ́jú.

"Ìyá, ó ti gbà!"

"Ẹ ṣé o, dókítà."

Àbúrò mi ṣì wà níbi iṣẹ́. Mo dúró di ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìròyìn tó ń gbóná lẹ́nu mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ yọ, ìyá mi kò kọ́kọ́ sún mọ́ ọn.

"Ìwọ tí o kì í dá mi lóhùn."

"Mo ń dá yín lóhùn báyìí, Ìyá. Mo ti jẹun. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ."

Ó la ẹnu. Mo ń bọ́ ọ, mo sì ń ròyìn fún àbúrò mi: èdìdì, ojú búlúù, bọ́tìnì, obìnrin Ìlárá. Ó gbọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ sún díẹ̀ ná, orí yín ń bo Ìyá."

Mo sún kúrò lójú ẹ̀rọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kókó tuntun mìíràn tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀, mo sì ti gba àwọn fáìlì rẹ̀ ṣáájú. Pilọ́ọ̀tì kan ara rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ mọ èdìdì, ojú búlúù kò yọ rárá. Mo tún sún ọparun kúrò lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Láàárọ̀ yìí, wifi wà ní −61, ìyá mi sì jẹ ṣíbí mọ́kànlá.